Ìbéèrè wọ́ọ̀dù ni mo gbé lọ sílé-ìwé: lẹ́tà ṣíṣí sí CMD ilé-ìwòsàn wa

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-ìwòsàn wa, àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwòsàn wa nínú lẹ́tà yìí, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí mi ò fẹ́ dójú ti ilé tó ń bọ́ mi. Ẹ̀yin mọ ara yín. Àwọn nọ́ọ̀sì ibòmíràn tí wọ́n bá ń bá wa kà á náà yóò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kàn wọ́n.

Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ mí di ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀ lójú ayé. Gbólóhùn mẹ́ta ni. Èkíní ní láti oṣù yìí lọ, nọ́ọ̀sì kankan kò ní gbàyè láti lọ ṣe PhD, ìwé ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé, mọ́, ì báà jẹ́ pẹ̀lú owó oṣù, ì báà jẹ́ láìsí owó oṣù. Èkejì ní kí ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ yan ọ̀kan nínú ilé-ìwé àti iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Ẹ ní PhD kò sí lára ohun tí iṣẹ́ wọ́ọ̀dù nílò.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ti lo mọ́kànlá nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ní wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn ṣẹ́. Ọdún kejì PhD mi ni mo wà. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí yín lábẹ́lẹ̀, mo sì gba ibi tó yẹ kí n gbà: láti ọwọ́ mátírọ́ọ̀nù wọ́ọ̀dù dé ọwọ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì, kó tó dé ọ́fíìsì yín. Ẹ ò fèsì sí ìkankan. Ìwé ara ògiri yẹn ni mo wá gbà pé ó jẹ́ èsì mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ ní wọ́ọ̀dù kò nílò rẹ̀. Wọ́ọ̀dù gan-an ló rán mi níṣẹ́.

Bàbá àgbàlagbà kan ṣubú nílé, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ó ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò lè dìde. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀. Ata ni obìnrin náà ń tà lọ́jà. Ó pa ìsọ̀ tì, ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù bí gbogbo àwọn ẹbí ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ kan mo ń ṣàlàyé fún un bí egbò ìdùbúlẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà ni mo sọ: kó máa wo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bàbá, kó máa wo ìbàdí àti gìgísẹ̀, ibi tó bá ti pọ́n, tí a fìka tẹ̀ ẹ́ tí pípọ́n náà ò sì lọ, ibẹ̀ ni egbò fẹ́ ti yọ.

Ó wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, pípọ́n wo ni mo fẹ́ rí lára ẹni tó dúdú tó báyìí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ẹbí ní ohun kan náà, tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì náà, kò sì sí ìgbà kan tí mo bi ara mi ní ìbéèrè tí obìnrin aláta yìí bi mí. Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé tí mo fi kàwé jáde, mo wo àwòrán ibẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìn tó wà nínú àwòrán náà, ẹ̀yìn òyìnbó ni. Lára tiwa, pípọ́n kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ lè dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, ó lè dà bí àwọ̀ èsè àlùkò, ó lè gbóná tàbí kó tutù ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó lè le, ó lè rọ̀, ó lè máa ro aláìsàn. Àwọn ìwé tuntun ti ń kọ ọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó tó ń retí pípọ́n lára aláwọ̀ dúdú, ìgbà tí awọ bá ti bó ló máa rí nǹkan.

Ìwé tún ní ká máa yí aláìsàn tí kò lè dìde padà ní wákàtí méjì-méjì. Ó dára. Ní iṣẹ́ alẹ́, nọ́ọ̀sì méjì ni wá ní wọ́ọ̀dù oníbẹ́ẹ̀dì ọgbọ̀n. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí mẹ́wàá péré nínú wọn kò bá lè yí ara wọn, tí yíyí ẹnìkan sì gba èèyàn méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti lọ nínú ọgọ́fà. Nínú ogún tó kù la ó ti fún gbogbo wọn lóògùn, la ó ti pààrọ̀ díríìpù, la ó ti kọ̀wé, kí wákàtí méjì mìíràn tó dé. Àwọn tó wà lórí ẹní lẹ́yìn wọ́ọ̀dù ló ń yí wọn, ọ̀gá. Wọn ò sí nínú rọ́sítà, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ wọn.

Kí ni àwọn ẹbí yìí ń ṣe gan-an? Ọwọ́ wo ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ara fẹ́ bàjẹ́ kó tó bàjẹ́? Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n fi ń sọ ọ́, báwo sì la ṣe lè kọ́ wọn lédè tí wọ́n gbọ́, kí àwa náà kọ́ lára wọn? Ìyẹn ni PhD mi. Kò kọjá bẹ́ẹ̀.

2. Iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó gba PhD ni ẹ̀yin náà ń lò lójoojúmọ́.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí a so mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì gbogbo aláìsàn wa. Ẹ̀yin lẹ pàṣẹ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn pé ká máa kọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ìwọ̀n Braden ni wọ́n ń pè é. Ohun mẹ́fà ló ń béèrè: bóyá aláìsàn mọ ìrora lára, bí ara rẹ̀ ṣe ń tutù fún omi tàbí òógùn sí, bó ṣe ń dìde rìn sí, bó ṣe lè yí ara rẹ̀ sí, bó ṣe ń jẹun sí, àti bí ara rẹ̀ ṣe ń ha aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. A ó ro ó pọ̀, láti 6 dé 23. Bí ó bá ṣe kéré tó ni ewu egbò ṣe pọ̀ tó. Ó jáde ní ọdún 1987. Ta ló ṣe é? Barbara Braden àti Nancy Bergstrom. Nọ́ọ̀sì ni àwọn méjèèjì. PhD ni àwọn méjèèjì gbà.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, ẹ rìn dé wọ́ọ̀dù yòówù tó bá wù yín, kí ẹ ka orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn, lẹ́yìn náà kí ẹ padà lọ ka gbólóhùn kẹta ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri.

Kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí Braden. Lọ́jọ́ tí a bá ń ṣe ìwúyè àwọn nọ́ọ̀sì tuntun, a máa ń tan fìtílà, a sì máa ń ka ẹ̀jẹ́ tí wọ́n fi orúkọ Florence Nightingale pè. Ẹ̀yin fúnra yín wà lórí ìjókòó iwájú ní èyí tó kọjá, ẹ pàtẹ́wọ́. Fìtílà ni gbogbo wa rántí. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin yẹn ti ogun Crimea dé, ìṣirò ló gbé dání. Ó ka àwọn ọmọ ogun tó kú, ó sì fi hàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé àrùn tó ti inú ìdọ̀tí wá pa wọ́n ju ọgbẹ́ ogun lọ fíìfíì. Ó ya á sí àwòrán kí ẹni tí kò fẹ́ ka nọ́ńbà lè fojú rí i. A mú fìtílà rẹ̀, a fi ìwé ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ tún wo yàrá ìgbẹ̀bí. Ní ọdún 2023, èsì ìwádìí E-MOTIVE jáde. Ọgọ́rin ilé-ìwòsàn ni wọ́n ti ṣe é, ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tànsáníà. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọ̀rá tí wọ́n fa ìlà sí lára, kí agbẹ̀bí lè rí iye ẹ̀jẹ̀ tó ti jáde dípò kó máa fojú díwọ̀n. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé ìlà, gbogbo ìtọ́jú yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lápọ̀jù, iṣẹ́ abẹ nítorí ẹ̀jẹ̀, àti ikú nítorí ẹ̀jẹ̀, àpapọ̀ wọn fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Mo mọ̀ pé dókítà ló ṣáájú ìwádìí yẹn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn agbẹ̀bí ló ti ṣẹlẹ̀. Kí ló dé tí ọwọ́ wa fi tó láti ṣe ìwádìí ẹlòmíràn, tí kò tó láti bẹ̀rẹ̀ tiwa?

Bí ẹ bá tún fẹ́ nọ́ńbà, Linda Aiken, nọ́ọ̀sì ni òun náà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo 300 ilé-ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2014. Níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì tó ní dìgírì bá ti fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ewu ikú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún máa ń fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n kà níbẹ̀ o, kì í ṣe PhD. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà ní mo tàn yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ àwọn tó fẹ́ gba dìgírì àkọ́kọ́? Àwọn yunifásítì wa ní kí olùkọ́ ní PhD. Bí nọ́ọ̀sì ò bá gbọdọ̀ gbà á, ṣé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni yóò wá máa kọ́ wa bí a ṣe ń di egbò?

3. Ohun tí àlejò ò lè bá wa ṣe.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, ẹ fara dà fún mi.

Nígbà tí mo kọ fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda mi ní Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn ẹbí yóò fi gbà kí n bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn sì tún tú Yorùbá náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí a lè mọ̀ pé ìtumọ̀ ò yà. A ṣe é. Kò yà. Mo gbé e lọ bá obìnrin àkọ́kọ́ lórí ẹní rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Ìwádìí yìí wà fún…" Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó ti dìde. "Ìwádìí kẹ̀? Kí ni mo ṣe?"

Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá ń lò náà ni. Bí wọ́n bá jalè ládùúgbò, ìwádìí ni wọ́n ń ṣe. Bí owó ẹgbẹ́ bá sọnù, ìwádìí ni wọ́n ń ṣe. Ìtumọ̀ náà pé lórí ìwé, ó sì já lulẹ̀ lórí ẹní. Mo yí i padà sí: "Mo fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ yín nípa bí ẹ ṣe ń tọ́jú ẹni yín." Ara wọn balẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín pé nọ́ọ̀sì ń wá ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn.

Ti ìfọwọ́sí náà tún wà ńbẹ̀. Bí a bá na bírò sí wọn, ìwé tí wọ́n máa ń fọwọ́ sí kí wọ́n tó gbé èèyàn wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Ẹnìkan bi mí pé, "Ṣé wọ́n tún fẹ́ gé nǹkan mìíràn ni?" Aṣọ funfun náà kò tún jẹ́. Bí mo bá wọ aṣọ iṣẹ́ mi lọ bá wọn, gbogbo wọn ní "A dúpẹ́, kò sí wàhálà, nọ́ọ̀sì ń gbìyànjú." Ta ni yóò bú nọ́ọ̀sì lójú nọ́ọ̀sì, tí bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀sì? Ọjọ́ ìsinmi mi ni mo wá ń lọ, pẹ̀lú ìró àti bùbá. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń sọ òótọ́ fún mi, títí kan èyí tí kò dùn mọ́ mi nínú nípa wọ́ọ̀dù tèmi.

Mo tún padà rí obìnrin aláta yẹn. Bàbá rẹ̀ ti lọ sílé, wọ́n wá fún àyẹ̀wò. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń mọ̀ nígbà náà, torí egbò kankan kò yọ lára bàbá títí tí wọ́n fi lọ. Ó ní òun kì í fojú wò ó. Ẹ̀yìn ọwọ́ lòun fi máa ń kàn án, bí a ṣe ń kan iwájú orí ọmọ tí ibà mú. Ibi tó bá gbóná bí ibi tí eéwo fẹ́ ti yọ, òun ò ní jẹ́ kó fi ìyẹn lélẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí àwọn ìwé tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ nípa ìgbóná ara aláwọ̀ dúdú, ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá aláta ti mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó bi í ni. Olùwádìí tí wọ́n bá rán wá láti òkè òkun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Dókítà tó ń bẹ wọ́ọ̀dù wò ní àárọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́, kò lè gbọ́ ọ, torí wọ́n máa ń lé àwọn ẹbí jáde kó tó dé.

4. Owó.

Àwọn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ àmọ̀dájú lọ́dọ̀ wa, àwọn résídẹ́ǹtì, orí owó oṣù ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Òfin wà fún un láti ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ sì ń ya owó ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn sọ́tọ̀ nínú ìṣúná. A ò bá wọn jà. Iṣẹ́ wọn le, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Owó TETFund, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ni wọ́n ń fi rán lọ gba PhD. Àjọ CARTA náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2008 láti máa ran àwọn tó ń ṣe PhD lórí ìlera lọ́wọ́ ní Áfíríkà, tí yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ló wà fún. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù kì í ṣe résídẹ́ǹtì, kì í ṣe olùkọ́. Àárín méjèèjì ló bọ́ sí.

Mo ti kó àjọ lẹ́ẹ̀mejì san owó ilé-ìwé. Mi ò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Àyè nìkan ni mo tọrọ, òun náà lẹ wá tì pa.

5. Ọmọ ilé ni mí, owó àlejò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò kí wọ́n tó fàyè gbà á, ó yẹ kó wà. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ ọ́, ẹni tó bá sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọdé ní Kano ní 1996, nígbà tí wọ́n dán oògùn wò lára wọn lásìkò àjàkálẹ̀ yírùnyírùn, kò ní bá irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jà. Ẹjọ́ tèmi ni pé nígbà tí mo gbé ìwé mi dé iwájú ìgbìmọ̀ ilé-ìwòsàn wa, wọ́n ní níwọ̀n bí ilé-ìwé mi ti wà níbòmíràn, olùwádìí láti ìta ni mí. Iye tí àwọn ará ìta ń san ni mo san. Oṣù márùn-ún ni mo fi dúró. Nínú oṣù kẹta, wọ́n ní kí n mú ìwé wá láti fi hàn pé òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn yìí ni mí lóòótọ́. Aṣọ iṣẹ́ yín ni mo wọ̀ dúró níwájú wọn lọ́jọ́ náà.

6. Ọ̀rọ̀ ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ́kọ́ gba PhD nínú wa, lórí bí àwọn alárùn ìtọ̀ ṣúgà ṣe ń tọ́jú ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tó dé, ibi tí wọ́n fi í sí ni yàrá ẹrù, kó máa ka ìbọ̀wọ́ àti bándéèjì. Ipò rẹ̀ ò yí, owó rẹ̀ ò yí. Ó kọ "Dókítà" sí káàdì tó fi kọ́ àyà, wọ́n ní kó lọ yọ ọ́, wọ́n ní yóò da àwọn aláìsàn lójú rú. Kò sí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀rọ ìgbọ́-àyà tí ẹ̀yin dókítà fi ń kọ́ ọrùn lọ́wọ́ yín o. Bí ó bá jẹ́ àwọn aláìsàn lẹ rò, ẹ jẹ́ kó kọ "Nọ́ọ̀sì" tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ a yé wọn.

Ó ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Ní ọdún 2024, àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àjọ NMC, tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ti ju 10,000 lọ. Owó ló gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ti ẹnìkejì mi, mo mọ ọjọ́ tó pinnu. Ọjọ́ tó ka ìbọ̀wọ́ dé páálí kẹrìnlélógún ni.

7. Èyí tí ẹ fi ń gbèjà ara yín.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: nọ́ọ̀sì ò tó. Òótọ́ ni, mo ti ṣírò rẹ̀ fún yín lókè. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ yìí ní òpin oṣù keje ọdún 2025, àìtó òṣìṣẹ́ wà lára ohun tí a kígbe lé lórí. Bí ẹni márùn-ún bá lọ sílé-ìwé lẹ́ẹ̀kan, wọ́ọ̀dù yóò dòfo. Mo gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìwé yín ṣe. Kò ní kí a lọ lẹ́yọ-lẹ́yọ. Kò ní kí a tọwọ́ bọ̀wé pé a ó padà wá. Kò ya ẹni tó fẹ́ fi gbogbo àsìkò rẹ̀ kàwé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kà á bíi tèmi. Ó ní kí a yàn. Nọ́ọ̀sì tí ẹ bá ní kó yàn yóò yàn, ibi tó yàn ò sì ní jẹ́ ọ̀dọ̀ yín. Àìtó òṣìṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ìwé yìí wò, òun gan-an ni yóò fi kún.

Ẹnìkan nínú àwọn ọ̀gá kékeré sọ fún mi lórí àtẹ̀gùn pé, "Ìwé ẹ̀yin nọ́ọ̀sì yìí ti ń pọ̀ jù, láyé ìgbà tiwa…" Ayé ìgbà wo? Láti ọdún 1965 ni yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì. Olóògbé Kọ́fowórọlá Abẹ́ní Pratt, tó kọ́ṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH, ilé-ìwòsàn yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tó jà fún un pé kí iṣẹ́ yìí wọ yunifásítì. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale ní 1973. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ "láyé ìgbà tiwa" yìí, wọn ò tíì bí wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ti parí.

8. Ohun tí mo ń béèrè.

Kí ẹ yọ ìwé yẹn kúrò lára ògiri. Bí ẹ bá fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ pe àwọn nọ́ọ̀sì sí ìpàdé kí ẹ tó kọ ọ́.

Kí àwa tí a ti bẹ̀rẹ̀ parí. Mẹ́rin ni wá. Kí wọ́n fi ọjọ́ ilé-ìwé wa sínú rọ́sítà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kó má jẹ́ pé mátírọ́ọ̀nù ni yóò máa fi àánú bá wa wá ẹni tí yóò gba iṣẹ́ wa.

Kí àyè méjì wà lọ́dọọdún fún nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe PhD, pẹ̀lú owó oṣù, kí ẹni náà sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò sin ilé-ìwòsàn fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó bá parí. Bí ó bá sá, kó dá owó padà. Èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì, kì í ṣe akápò yín. Kí ìbéèrè ìwádìí rẹ̀ sì ti inú wọ́ọ̀dù wa wá, kí ó mú èsì rẹ̀ padà wá síbẹ̀.

Owó tí òṣìṣẹ́ yín ń san fún ìgbìmọ̀ ìwádìí, kó yàtọ̀ sí ti àlejò, kí wọ́n sì sọ iye ọjọ́ tí a ó fi dúró.

Kí ẹ gbé ẹni tó bá ní PhD jìnnà sí yàrá ẹrù. Yàrá kan ṣoṣo tó ní tábìlì, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì tó, kí ó máa ti ibẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ láti ka ohun tí a ń ṣe: egbò mélòó ló yọ lóṣù yìí, ní wọ́ọ̀dù wo, lára ta ni. Ilé-ìwòsàn wa kò ní ìwé kankan tó lè sọ iye yẹn fún yín lónìí. Mo ti wá a.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo fi fún ìdáhùn yín. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó kan náà, kí gbogbo wa lè kà á. Bí ìyà bá wà fún lẹ́tà yìí, kó kọ́kọ́ tọ̀nà tó yẹ, kí ẹ má gbé e gba ọwọ́ mátírọ́ọ̀nù wa. Kò mọ̀ pé mò ń kọ ọ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí mi fúnra mi, iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, láti Ajé títí di Ẹtì. Aago méjì òru ni kí ẹ wá. Ìgbà yẹn ni a máa ń yí wọn padà, ọwọ́ kan sí i kò ní pọ̀jù.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì yín ní wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn ṣẹ́.